Kí Ẹ Tó Wá Arọ́pò, Ẹ Wádìí Ohun Tó Ṣe Àkọ́kọ́

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó ń hu eyín, tàbí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná ni ẹ máa ń retí ní ojú ìwé yìí. Ẹ fi orí jì mí bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ni mo gbé wá bá yín lóṣù yìí. Ohun kan tí kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ ni ó kú nínú ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n ohun kékeré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi, ó sì mú kí n ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ bó ti wù kó kéré mọ, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi.

Iṣẹ́ ọnà sí ara aṣọ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ní iwájú ilé tí èmi àti baálé mi ń gbé. Ẹ̀rọ tí mo ń lò kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Mónógíráàmù ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Bí a bá ti fi àwòrán sí i nínú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi òwú aláràbarà ya á sí ọrùn agbádá, sí etí fìlà, àti sí àyà bùbá. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo yá tí mo fi rà á. Oṣooṣù ni mo ń san gbèsè náà, kò sì tíì tán nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìparí ọdún ti máa ń rí nílẹ̀ wa. Ìyàwó ni òní, ìsìnkú àgbà ni ọ̀la, ilé ṣíṣí ni ọ̀túnla. Ẹbí ìyàwó kan gbé fìlà ogójì àti bùbá ogún fún mi. Wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀, mo sì ti mú owó náà san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì mi. Bí n kò bá lè parí iṣẹ́ náà, kò sí ibi tí n óò ti rí owó olówó dá padà.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, mo ní kí ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dúró ti ẹ̀rọ, kí n lọ mú àwọn ọmọ wá láti ilé-ìwé. Nígbà tí mo fi máa padà dé, iná ti lọ, ó sì ti tún dé, ẹ̀rọ mi sì ti dákẹ́. Òórùn bí ti ọ̀rá tí ó jóná gba inú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọ náà dúró sí igun kan, ó ń gbọ̀n.

N kò bèèrè ohunkóhun. Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Ìwọ ni o pa á! Iná lọ, o kò yọ ọ́ kúrò lára ògiri, iná dé, ó jó o!"

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó ti dákẹ́ kí iná tó lọ. Mo gbọ́ tí ó dún, mo sì yára pa á."

Mo ní irọ́ ni ó ń pa. Mo ní kí ó kó àpò rẹ̀, kí ó máa lọ sí ilé bàbá rẹ̀, kí ó má sì wá mọ́ títí n óò fi ránṣẹ́ pè é. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá mi wá ọmọ-iṣẹ́ mìíràn. Baálé mi gbọ́, ó ní, "Ìyá Ìbejì, rọra. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ná." Ṣùgbọ́n inú tí ó ń bí mi kò jẹ́ kí etí mi gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì fa àpótí irin pẹlẹbẹ kan jáde. Àpótí yìí ni wọ́n ń pè ní páwà páàkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba iná 230 fólítì láti ara ògiri, kí ó sọ ọ́ di 24 fólítì tí ara ẹ̀rọ lè gbà. Nígbà tí ó ṣí i, a rí i pé fíúsì inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú, áí-sí kékeré kan sì ti là lẹ́yìn bí ẹ̀pà tí a tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí áí-sí yìí ń ṣe, nítorí òun gan-an ni orí ọ̀rọ̀ mi. Nínú páwà páàkì, ohun kan wà tí ó ń ṣe bí ilẹ̀kùn. MOSFET ni orúkọ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, iná yóò wọlé sínú tíránsífọ́mà. Bí ó bá tì, iná yóò dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ó ń ṣí tí ó sì ń tì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Áí-sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yìí sì ni ẹni tí ó mú ilẹ̀kùn náà lọ́wọ́. Òun ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí, òun ni ó mọ bí yóò ti pẹ́ tó ní ṣíṣí. Bí òun bá kú, gbogbo ilé ti kú nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé áí-sí náà sí ojú oòrùn, ó ka ohun tí a kọ sí i lára: UC384. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn ti bá ibi tí ó là lọ. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mà. 3842 ni wọ́n ń tà jù. Gbogbo wọn ni wọ́n jọra, ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ní." Ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó ra 3842, ó ra MOSFET àti fíúsì, ó jó wọn mọ́ ojú wọn. Ó ki iná bọ ògiri. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dún pàáà, èéfín sì ti gba ojú wa. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní páàkì náà ti kọjá àtúnṣe, kí n wá odindi tuntun rà. Mo wádìí, wọ́n ní láti òkè òkun ni yóò ti wá, yóò sì gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìgbéyàwó náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá ọkọ mi ni ó rán mi létí Bàbá Onírédíò. Àgbàlagbà ni bàbá yìí. Àwọn tí wọ́n ti ń gbé àdúgbò wa pẹ́ sọ pé láti ìgbà tí rédíò onígi ti wà ní pálọ̀ àwọn ènìyàn ni ó ti ń tún un ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún òkú tẹlifíṣọ̀n àti òkú kọ̀ǹpútà títí dé àjà. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gbé páàkì náà ka iwájú rẹ̀.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé, "Kí ni ó pa ti àkọ́kọ́?"

Mo ní, "Ọmọ-iṣẹ́ mi ni, Bàbá. Kò yọ ọ́ kúrò lára iná."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ohun tí ó pa á ni mo bi ọ́, ènìyàn ni o dárúkọ fún mi."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ó dára. Èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n. Jókòó."

Ó wá là mí lóye nípa ìdílé áí-sí náà. Ó ní ọmọ ìyá mẹ́rin ni wọ́n: 3842, 3843, 3844 àti 3845. Ilé-iṣẹ́ Unitrode ní Amẹ́ríkà ni ó mú wọn jáde ní àwọn ọdún 1980. Ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ra Unitrode ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí UC, tàbí KA, tàbí TL ní iwájú nọ́ńbà náà, ilé tí ó ti jáde ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ń sọ. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni ó ń sọ ìwà.

Ó ní, "3842 àti 3844 kì í jí àfi bí iná tí ó ń bọ́ wọn bá tó nǹkan bí 16 fólítì, bí ó bá sì lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 10, wọn a tún sùn. 3843 àti 3845 ní tiwọn, 8 fólítì lé díẹ̀ ti tó láti jí wọn. Èyí ni ìwà kìíní. Ìwà kejì ni pé 3842 àti 3843 lè di ilẹ̀kùn mú ní ṣíṣí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n 3844 àti 3845 kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí ju ìdajì àkókò lọ. Ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, ojú wọn jọra, ìwà wọn kò papọ̀."

Mo bi í pé báwo ni a ó wá ṣe mọ èyí tí ó kú, nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ti fọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí a kò bá mọ orúkọ òkú, a ó lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀."

Ó mú mítà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa ọ̀nà lẹ́yìn páálí náà láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ keje, níbi tí áí-sí ti ń jẹun, ó rí rẹ́sítọ̀ ńlá méjì tí wọ́n wá tààrà láti ibi tí iná ti lé ní 300 fólítì. Ó ní irú rẹ́sítọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bu iná díẹ̀díẹ̀ sínú kàpásítọ̀ kékeré kan ni, bí ẹni ń da omi sínú àmù, títí yóò fi kún tó láti jí áí-sí. Àmù kékeré tí ó wà níbẹ̀ kò lè gbé irú ẹrù yìí bí áí-sí bá jí ní 8 tí ó sì tún fẹ́ sùn ní 7 lé díẹ̀. Ẹni tí ó ń dúró de 16 ni wọ́n fi sí ibẹ̀. Bí a ṣe yọ 3843 àti 3845 kúrò nìyẹn.

Ó ku 3842 àti 3844. Ó yí páàkì náà sí apá kejì, níbi tí 24 fólítì ti ń jáde. Ó fi dáódù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan hàn mí, èyí tí dáódù méjì wà nínú rẹ̀, àti wáyà bàbà tí a wé ràgàjì mọ́ òrùka dúdú kan. Ó ní, "Irú páàkì yìí, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí gan-an ni ó ń ti iná kọjá sí òdìkejì. Tíránsífọ́mà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi, kí agbára òòfà inú rẹ̀ lè tú ká kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí. Ìwọ náà ń gúnyán. Bí ọmọ odó bá sọ̀kalẹ̀, ṣé kò ní gòkè kí ó tó tún sọ̀kalẹ̀? Ìsọ̀kalẹ̀ ìdajì, ìgòkè ìdajì. 3844 ni wọ́n fi sí ibí yìí. Ọmọkùnrin yẹn fi 3842 sí i. Kò jẹ́ kí ọmọ odó gòkè. Tíránsífọ́mà yó àyójù, iná sì ya bo ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ó fi rẹ́sítọ̀ pẹlẹbẹ kan hàn mí, èyí tí ó ń wọn iná tí ó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Ó ti sán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ní bí MOSFET bá kú, kì í dá nìkan lọ. Ó máa ń mú áí-sí, rẹ́sítọ̀ yẹn àti fíúsì dání. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọ̀kan tí ó fi ìyókù sílẹ̀, owó ni ó sọ sínú iná.

Ó kọ nọ́ńbà náà fún mi sí ìwé: UC3844, tàbí KA3844, tàbí TL3844. Ó ní bí mo bá rí 2844, kí n rà á, nítorí ọ̀kan náà ni ìwà wọn, kìkì pé 2844 lè fara da ooru dé ìwọ̀n 85, nígbà tí 3844 kò ṣèlérí ju 70 lọ. Mo lọ sí ọjà, mo sì rà á. Owó rẹ̀ kò ju owó rírẹ́rẹ́ òwú méjì mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo gbé e dé, Bàbá kò yìn mí. Ó bèèrè bóyá mo ní omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná. Mo ní in nínú àpò mi. Ó fi òwú bu díẹ̀, ó fi nu orí áí-sí tuntun náà, ẹ ò sì ní gbà á gbọ́, nọ́ńbà orí rẹ̀ bá òwú lọ! Ẹnìkan ti ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, ó sì ti kọ èyí tí ọjà ń fẹ́ sí i.

Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọjọ́ méje ni ó kù. Bàbá kò sọ ohunkóhun. Ó dìde, ó tú òkìtì òkú ẹ̀rọ rẹ̀ wò fún bí wákàtí kan, ó sì mú páálí kan jáde tí eruku bò. KA3844 wà lára rẹ̀. Ó fi áyọ́ọ̀nù yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tú u. Ó ní, "Àlòkù tí mo mọ orísun rẹ̀ sàn ju tuntun tí ó ń purọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àlòkù náà yóò jẹ́rìí ara rẹ̀ kí n tó gbà á."

Ó gbé e sí orí páálí ìdánwò kan tí ó ní rẹ́sítọ̀ kan àti kàpásítọ̀ kan, ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń yí iná sókè sódò. Ó ní kí èmi fúnra mi yí i, kí òun máa wo mítà. Mo yí i dé 10, ẹsẹ̀ kẹjọ kò ní nǹkan kan. Mo yí i dé 15, kò sí. Bí ó ti kọjá 16 díẹ̀, mítà fò sí 5 fólítì gééré! Ó ní, "Ó jí." Mo yí i padà sísàlẹ̀, 5 náà dúró títí iná fi bọ́ sí abẹ́ 10, ó sì kú. Ìwà kìíní bá a mu. Ó wá ní kí n gbé e sí 18, ó sì fi mítà kan ẹsẹ̀ kẹfà tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn. 8 lé díẹ̀ ni mítà kà. Ó ní bí ó bá jẹ́ 3842 ni, ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Èyí kò kọjá ìdajì. 3844 ni lóòótọ́.

Mo rò pé a ti parí, ṣùgbọ́n Bàbá ní, "A ti rí arọ́pò. A kò tíì rí apànìyàn."

Ó fi ohun pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan hàn mí ní ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé. Ó ní bí iná láti ìta bá wọlé ní àpọ̀jù, èyí ni ó máa ń kọ́kọ́ jóná láti gba ìyókù là. Kò sì ṣe é ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ó wo kàpásítọ̀ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áí-sí. Orí rẹ̀ ti wú. Ó ní ooru ni ó gbẹ ẹ́, kì í sì í ṣe ooru ọjọ́ kan. Ó wá yí fáànù kékeré tí ó wà lára àpótí náà, kò yí. Ó fi irin tín-ínrín fa nǹkan jáde láàárín abẹ rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, irun òwú ni! Irun òwú pupa, ti búlúù, ti wúrà, tí ó ki bí tìmùtìmù. Gbogbo aṣọ tí mo ti fi ẹ̀rọ náà ṣe láti ọdún kan ààbọ̀ ni mo rí níbẹ̀.

Ó ní, "Fáànù kò yí, ooru kò rí ọ̀nà jáde, ilẹ̀kùn gbóná títí ó fi kú. Nígbà tí ó kú, iná ńlá gba inú rẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ kẹfà áí-sí, ó sì là á. Iná ì báà lọ, ì báà dé, yóò kú ni. Ta ni ó yẹ kí ó máa nu fáànù yìí?"

N kò lè dáhùn. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ-iṣẹ́ mi sọ ní bí oṣù méjì ṣáájú. Ó ní, "Mà, fáànù ẹ̀yìn yìí kò yí mọ́ o." Mo sì dá a lóhùn pé kí ó gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á.

Bàbá Onírédíò pààrọ̀ áí-sí, MOSFET, rẹ́sítọ̀, kàpásítọ̀, fíúsì àti fáànù. Kí ó tó so ó mọ́ ògiri, ó gbé gílóòbù 100 wáàtì kan sí ojú ọ̀nà iná náà. Ó ní bí àléébù bá ṣì wà nínú páàkì, gílóòbù ni yóò tàn kíkankíkan, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò sì ní jóná. Ó tan iná. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì wálẹ̀ di pupa ṣíṣókùnkùn. Mítà kà 24. Mo fò, mo gbá bàbá arúgbó mọ́ra!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó gbé páàkì padà sínú ẹ̀rọ, mo bẹ baálé mi pé kí ó sìn mí lọ sí ilé bàbá ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí, n kò fi ìkankan pamọ́. Mo ní, "Ọmọ yín kò purọ́. Èmi ni mo ṣe é." Bàbá náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ìyá Ìbejì, láti ọjọ́ tí ẹ ti lé e, kò jẹun dáradára. Ohun tí ó ń tún sọ ni pé òun sọ fún yín." Mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní kó má bínú. Ó wólẹ̀, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó jí. Àwa méjèèjì ni a jọ ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀sán àti ní òru, fìlà ogójì àti bùbá ogún sì pé ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìgbéyàwó.

Ẹ̀yin ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba ìmọ̀ràn kádìí ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ̀rọ yín bá bàjẹ́, tí alátùn-únṣe bá fẹ́ fi nǹkan rọ́pò nǹkan, ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ni nọ́ńbà ti àtijọ́? Kí ni nọ́ńbà ti tuntun? Bí wọn kò bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni ó fi mọ̀ pé ìwà wọn bá ara mu? Bí ó bá dáhùn pé wọ́n jọra, ẹ má tíì sanwó. Ẹ gba ohun tí ó yọ kúrò, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó pa àkọ́kọ́, nítorí ohun náà ṣì wà nínú ilé, ó ń dúró de èkejì.

Ẹ ṣí ẹnu fáànù ẹ̀rọ yín lóṣooṣù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá irun òwú kúrò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú páwà páàkì fúnra yín o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ èyí tí a tú sílẹ̀. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di iná tí ó lé ní 300 fólítì mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ní tèmi, áí-sí tí ó là yẹn wà nínú agolo òwú mi títí di òní. Bí inú bá fẹ́ bí mi sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ìbáà ṣe ọmọ-iṣẹ́, ìbáà ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, mo máa ń ṣí agolo náà wò kí n tó la ẹnu. Ọmọ-iṣẹ́ mi sì ti gba òmìnira báyìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ṣí i, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kan wà lára ẹ̀bùn tí mo gbé fún un. Ó rí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì fún wa ní etí tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó di ẹjọ́. Ó dìgbà kan ná o.